Pákó Mẹ́ta Ẹnu Adágún

Bí òjò bá ti ń ṣú, òkè ni àwọn èèyàn máa ń wò. Ìsàlẹ̀ ni ojú tèmi máa ń lọ, sí ilé kan ní ìpẹ̀kun òpópónà wa, tí fèrèsé rẹ̀ ti wà ní títì láti ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo ti gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín, nítorí ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn. Kò gbà.

Àdúgbò wa kò jìnnà sí Ubeji, ní ìlú Warri. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ débi pé bí ọmọdé bá fi ìka gún un, omi ni yóò sun jáde. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ta ilẹ̀ náà fún wa fi gbẹ́ adágún ńlá kan sí ìsàlẹ̀ àdúgbò, kí omi òjò láti inú gbogbo gọ́tà lè rí ibi sinmi kó tó wọ odò. Ní ẹnu adágún yìí, pákó mẹ́ta ni a tò lé ara wọn lórí nínú ihò sìmẹ́ńtì, bí ìlẹ̀kùn. Bí òjò ńlá bá ń bọ̀, a ó yọ pákó, omi àná yóò ṣàn jáde, adágún yóò sì ráyè gba ti ọ̀la. Ṣùgbọ́n a kì í yọ ọ́ nígbà tó bá wù wá. Odò Warri ń fà, ó sì ń kún, lójoojúmọ́. Ìgbà tó bá fà ni a ń yọ pákó. Ẹni tó bá yọ ọ́ nígbà tó ń kún, odò fúnra rẹ̀ ni yóò wá kí i nílé.

Èmi ni alága ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú adágún náà. Ọjọ́ tí n kò wá sí ìpàdé ni wọ́n yàn mí, bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣe ń yan alága níbi gbogbo.

Ilé tó rẹlẹ̀ jù lọ ládùúgbò ni ti Àlàájà, opó kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ará agbègbè Ọ̀yọ́, tó ti ta òwú àti bọ́tìnnì ní ọjà Ogbe-Ijoh títí orúnkún rẹ̀ fi ní ó tó. Télọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Òun ló kọ́ ilé náà, inú rẹ̀ ló sì kú sí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni èmi, nítorí náà àwa méjèèjì kì í kí ara wa láì kọ́kọ́ bú ara wa. Àlàájà ní Ìjẹ̀bú kò lè rí omi kó má béèrè pé èló ni. Èmi náà á ní bí Ọ̀yọ́ bá bú èèyàn, olúwarẹ̀ á délé kó tó mọ̀ pé èébú ni. Àwọn ọmọ mi, tó jẹ́ pé Yorùbá wọn kò kọjá etí, a máa fi Pidgin bi mí bóyá ìjà ni.

Lọ́dún tó ṣáájú, omi ti wọ yàrá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àkọ́bí rẹ̀ tó ń gbé n'Ìbàdàn wá, ó wo ojú ibi tí omi dé lára ògiri, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé bó bá tún wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, òun yóò mú ìyá òun lọ, kò sí àríyànjiyàn. Àlàájà kò fẹ́ lọ. Ó sọ fún mi pé òun mọ bí òun yóò ṣe máa jókòó ní pálọ̀ ọmọ òun n'Ìbàdàn: bí ẹrù tí ẹnì kan fi pamọ́ síbẹ̀.

Nínú ọdún tí mò ń wí, àwa ọkùnrin mẹ́fà nínú ìgbìmọ̀ dá owó, a ra ọmọ ẹja àrọ̀, a dà wọ́n sínú adágún. Omi kàn jókòó lásán, ta ni kò ní ro nǹkan sí i? Ẹja náà dàgbà. A fẹnu kò pé Sátidé kan báyìí ni a ó kó wọn, ilé kọ̀ọ̀kan yóò sì rí tirẹ̀ gbà.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, òjò ṣú sórí odò. Kò rọ̀, kò sì lọ. Ó kàn dúró síbẹ̀, dúdú bí ìdí ìkòkò. Àlàájà wọ́sẹ̀ wá bá mi ní ẹnu adágún, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí àwọn pákó.

"Alága, odò máa fà láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ yọ wọ́n."

Mo ní bí a bá yọ pákó, ẹja á bá omi lọ, kó jẹ́ ká fi sùúrù dúró di Sátidé. Ó ní ká ta àwọ̀n sẹ́nu ọ̀nà. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n koríko omi àti ọ̀rá máa ń dí àwọ̀n, àfi kí ẹnì kan dúró tì í láti ìdájí, kó máa ṣa wọ́n kúrò. Ẹni náà ni èmi, alága. Dípò kí n sọ pé ó ń ṣe mí lọ́lẹ, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kó má dààmú, bí omi bá tiẹ̀ wọlé rẹ̀, ẹja á bá a wọlé, kò ní í dé ọjà rà á mọ́.

Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bú mi padà.

"Ọmọ mi, mi ò fẹ́ lọ sí Ìbàdàn."

Ó yí padà, ó sì ń lọ.

Lọ́jọ́ kejì, odò fà bó ṣe wí. Mo dúró ní bákónì mi pẹ̀lú ife tíì, mo ń wo ẹrẹ̀ etí odò tó yọ síta. Ojú ọ̀run ti mọ́ díẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé òjò ọ̀hún ti kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Mo mu tíì mi tán.

Ọ̀sán ni òjò náà dé. Kò kán tótó kó tó dà, ó kàn dà ni. Kò pẹ́ tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wa fi ń gbá ìlẹ̀kùn mi: "Oga, water don reach road." Mo mú agboòrùn jáde, ìjì gbà á lọ́wọ́ mi ní ẹnu ọ̀nà, n kò sì wo ibi tó gbé e lọ. Nígbà tí a dé ẹnu adágún, odò ti ń kún. Mo mọ̀ pé ó ń kún. Ojú mi kọ́ ni kò rí i. Ṣùgbọ́n adágún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo bèbè rẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí, mo ní ká yọ pákó.

A yọ èkíní. A yọ èkejì. Omi dúró fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń rò ó. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí wa. Odò wọlé. A gbìyànjú láti dá pákó padà, agbára omi kò jẹ́ kó jókòó sáyè rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ náà kàn ń wò mí, òjò ń ṣàn lójú rẹ̀.

Omi ti dé orúnkún nílé Àlàájà kí a tó dé ibẹ̀. Ó ká ẹsẹ̀ sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, tẹ̀súbà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo páálí bọ́tìnnì tó ń léfòó káàkiri yàrá. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́, Àlàájà. Ó ní kí n bá òun gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ọkọ òun kúrò nílẹ̀. Mo gbé e sórí tábìlì. Omi ń kán láti inú rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ dé ní Sátidé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ì bá sàn fún mi ká ní ó jà. Ní adágún, kò sí ẹja tí a ó kó. Wọ́n ti bá omi lọ ní gbogbo ọ̀nà tí omi gbà.

Mo jókòó síwájú ilé mi nígbà tí wọ́n ń di ẹrù sínú ọkọ̀. Àlàájà gun òkè wá díẹ̀díẹ̀, ọ̀pá ní ọwọ́ kan, abọ́ kékeré ní ìkejì. Ó gbé abọ́ náà kalẹ̀ níwájú mi. Ẹja àrọ̀ kan ṣoṣo ló ń yí po nínú rẹ̀, láàyè. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ti rí i.

"Alága, ó bá omi wọlé, bí ẹ ṣe wí. Ẹ gbà, òní náà ni Sátidé."

Èébú Ọ̀yọ́ ti ọjọ́ yẹn, n kò délé kí n tó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ọkọ̀ wọn ti lọ tán, mo da ẹja náà padà sínú adágún.

Mo máa ń pè é lórí fóònù. Bí mo bá béèrè àlàáfíà rẹ̀, á ní òun jókòó ní pálọ̀. Òun náà á béèrè bóyá òjò ti rọ̀ níhìn-ín. Mo máa ń sọ fún un pé a ti yọ pákó láti àárọ̀, nígbà tí odò fà, pé èmi fúnra mi ni mo dúró ti àwọ̀n. Á ní ó dáa.

Òótọ́ ni mo sì ń sọ fún un. Bí ìkùukùu tó kéré bí àtẹ́lẹwọ́ bá ti yọ báyìí, mo ti wà ní ẹnu adágún. Omi kò dé òpópónà mọ́. Ilé ìsàlẹ̀ yẹn gbẹ táútáú, láti pálọ̀ dé yàrá, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.