Ìtumọ̀ "Discharge" Tí N Kò Mọ̀

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Aràmọ̀kọ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìtumọ̀ "discharge" pọ̀: kí wọ́n dá ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, kí ọyún máa jáde lójú egbò, kí aláìsàn gba ìlera kó sì máa lọ sílé. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù.

Nítorí náà, nígbà tí ìyá mi wà ní ilé ìwòsàn, tí nọ́ọ̀sì sọ pé, "A ti discharge màmá yín," ijó ni mo bẹ́ sí. Mo ti ń wọ aṣọ fún ìyá mi lọ́wọ́ kí dókítà tó pè mí síta.

Ó ní, "Kò sí ohun tí a tún lè ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sinmi láàárín àwọn èèyàn wọn."

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ sí Ìpotì, ìlú wa, ìyá mi bi mí pé, "Ṣé wọ́n ní ara mi ti yá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ̀ọ́mi."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní òun á lọ wo kòkó òun tó bá di ọjọ́ Ajé. Kí ọjọ́ Ajé tó pé, ó ti kú. Títí dòní, n kò tíì rí ẹni tí mo lè sọ fún pé irọ́ ni mo fi sìn ín délé.