Ilé Tí Mo Fi Àdúrà Yẹ̀ Wò

Ọjọ́ kìíní tí mo tẹ̀lé Ọ̀gbẹ́ni Otis, ọ̀gá mi, lọ síbi iṣẹ́ ní ìlú Hampton, nítòsí Atlanta l'Amẹ́ríkà, abẹ́ ilé ni wọ́n ní kí n rákò wọ̀. Wọn ò kí mi káàbọ̀ sẹ́nu iṣẹ́, wọn ò bi mí bóyá mo ti jẹun. Iná ìléwọ́ kan àti aṣọ funfun tó bo èèyàn látorí délẹ̀ ni wọ́n nà sí mi. Ọ̀pọ̀ ilé lápá ibí yìí ni kò jókòó sórí ilẹ̀ gan-an. Àyè kan máa ń wà lábẹ́ wọn tí èèyàn ò lè nàró nínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni páìpù omi àti wáyà iná ń gbà kọjá. Ikán ń gbé ibẹ̀, ejò náà sì máa ń yà síbẹ̀. Èmi tí mo ti fi bàtà gíga ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ n'Íbàdàn fún ọdún mọ́kànlá, mo dojú bolẹ̀, mo ń fàyà fà.

Nígbà tí mo jáde, wọ́n ní kí ni mo rí. Mo ní kò sí nǹkan kan, pé igi abẹ́ ilé náà tiẹ̀ dára, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà funfun kùn ún ni. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi mú wọn. Wọ́n bi mí pé ta ni í kun ibi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní í dé? Wọ́n fún mi ní sukudiráfà, wọ́n ní kí n padà lọ gún igi náà. Mo gún un, irin náà sì wọlé ṣìnkún bí ẹni gún iṣu tó jinná. Ikán ti jẹ igi náà tán, ọ̀dà nìkan ló kù tó ń gbé ilé ró.

Wọ́n kọ́ mi lọ́jọ́ náà pé kí n má wo ohun tí onílé ń fi hàn mí. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ni kí n wò, àti ohun tó gbé nǹkan dí.

Iṣẹ́ mi nìyẹn láti ọdún mẹ́rìnlá. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé ní Atlanta á pè mí kó tó fọwọ́ síwèé, èmi á gun òrùlé, èmi á wọ abẹ́ ilé, èmi á ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi, màá sì kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀. Iṣẹ́ náà ti wọ̀ mí lára ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mo bá dé ilé ọ̀rẹ́, imú mi á ti gbọ́ òórùn ilé kí n tó kí onílé. Ọkọ mi ní bí áńgẹ́lì bá yọ sí mi, ìdí ìyẹ́ apá rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ wò, bóyá gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Mi ò bá a jà. Pàǹsá ò fura, pàǹsá jáná. Àjà ò fura, àjà jìn. Ẹni tó bá ti rí ohun tí mo ti rí lábẹ́ ilé àwọn èèyàn dáadáa kò ní í bá mi jà.

Àbúrò mi obìnrin ń jẹ́ Bùsọ́lá. Nọ́ọ̀sì ni, ní Marietta ló ti ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ wa ní Lilburn ló sì dé sí nígbà tó kọ́kọ́ wọ ìlú yìí. Ìwé ìgbélùú ọkọ rẹ̀, Kúnlé, kò bọ́ sí i rárá. Nígbà tí ilẹ̀kùn Kánádà ṣí, wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin wọn méjèèjì, wọ́n kọjá sí Winnipeg, níbi tí wọ́n ti bí ìkẹta. Wọ́n fi ọdún kan àbọ̀ háyà yàrá méjì lórí òkè ilé ẹlòmíràn, níbi tí ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ ti ń fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà bí ọmọ bá sáré. Kúnlé búra pé ìgbà òtútù míì kò ní í bá àwọn nílé onílé.

Bàbá kan wà nínú ìjọ wọn níbẹ̀ tí gbogbo ọmọ Yorùbá ń pè ní Daddy Fọláyan. Ìyàwó wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn sì ti tú ká. Ilé náà ti tóbi jù fún wọn, wọ́n sì sọ fún Kúnlé pé ó wu àwọn kí ọmọ ilé rà á ju àlejò lọ. Bùsọ́lá fi orin ọpẹ́ pè mí lórí fóònù. Gbogbo ohun tí àwọn méjèèjì ti tọ́jú láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra ló fẹ́ wọ inú ilé yìí. Bó bá bàjẹ́, wọn ò ní òmíràn, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í, pé ta ló máa yẹ ilé náà wò.

Kúnlé ló gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó dáhùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Daddy kọ́ la máa ṣe irú ẹ̀ fún. Àwọn ló sọ last born wa lórúkọ. Ẹnu wo la fẹ́ fi sọ pé inspector fẹ́ wá yẹ ilé wọn wò, like say wọ́n fẹ́ lù wá ní jìbìtì?"

Mo ní ṣé Daddy ló ní àwọn ò fẹ́? Ó ní àgbà kì í sọ irú ìyẹn jáde, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ fún ọmọlúàbí. Ó yẹ kí n gbọ́ èsì yẹn dáadáa, ṣùgbọ́n etí ayẹléwò ni mo fi gbọ́ ọ. Ohun tó wọlé sí mi létí ni pé bàbá náà ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ilé òun.

Mo ní kí Bùsọ́lá fi fóònù rìn yíká ilé náà nígbà tó bá lọ kí bàbá, kí n máa wò ó. Òkè ò burú. Àwọn ilé tibẹ̀ ní yàrá ńlá lábẹ́ ilé, tó wọ inú ilẹ̀ lọ, tí èèyàn lè gbé inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ara mi ti bù máṣọ. Ọ̀dà tuntun wà lára ògiri kan, àwọn mẹ́ta tó kù sì ti gbó. Ẹ̀rọ kan ń kùn ní kọ̀rọ̀, èyí tó ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ kan tó ga bí ilẹ̀kùn sì dúró ti ògiri náà níbi tí kò yẹ kí ó wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ojú fèrèsé. Mo ní kí Bùsọ́lá bá mi yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Anti mi, Daddy ní ká má fọwọ́ kàn án o."

Ọ̀rọ̀ parí lọ́kàn mi. Ọ̀dà tuntun, ẹ̀rọ tó ń fa omi, àti nǹkan ńlá tí wọ́n gbé dí ògiri: bí Ọ̀gbẹ́ni Otis bá wà níbẹ̀, wọn ì bá ti máa gbé sukudiráfà. Ó dá mi lójú pé ògiri yẹn ti lanu, omi sì ń wọlé. Láti ọjọ́ náà, n kì í gbọ́ orúkọ Daddy Fọláyan kí n má yínmú. Bí Bùsọ́lá bá ní wọ́n fún àwọn ọmọ ní bisikíìtì, màá ní ẹni tó fẹ́ ta ilé tó ń jò ni í pín bisikíìtì. Ọkọ mi ní kí n pe bàbá náà, kí n bi wọ́n. Mo ní ta ló ti bi olè rí tí olè jẹ́wọ́?

Nígbà náà ni ọgbọ́n mi wá. Láàárín àwa onígbàgbọ́, ẹnikẹ́ni kì í kó wọ ilé láìgbàdúrà yí i ká, láti yàrá dé yàrá, kí wọ́n sì fi òróró kan ògiri. Mo sọ fún Kúnlé pé kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbàdúrà nínú ilé náà, èmi á darapọ̀ lórí fóònù. Inú rẹ̀ dùn. Inú Daddy náà dùn gan-an. Ohun tí àwọn méjèèjì ò mọ̀ ni pé mo ti fi ẹ̀rọ kékeré kan ránṣẹ́ sí Bùsọ́lá nínú páálí. Bí èèyàn bá gbé e lé ògiri tó mu omi, á máa han. Mo ní kó fi í sínú àpò tí ìgò òróró wà.

Òwúrọ̀ Sátidé ni. Mo ti parí ilé kan, mo sì páàkì síwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ní Lilburn. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ní kí n ṣáájú. Mo gbàdúrà tọkàntọkàn nínú pálọ̀ àti nínú ilé ìdáná, n kò parọ́. Àmín bàbá náà ló ń rinlẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ilé, ojú mi là sílẹ̀ kedere.

"Gbogbo ohun tó fara pamọ́ nínú ilé yìí," mo ní, "kó hàn sí gbangba."

"Àmín."

Mo ní kí Bùsọ́lá gbé ọwọ́ lé ògiri tó ní ọ̀dà tuntun. Ó gbé e lé e, ẹ̀rọ náà fara pamọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ò dún. Mo gbàdúrà síwájú sí i, mo ní kó gbé ọwọ́ náà wálẹ̀, kó tún gbé e sápá òsì. Ẹ̀rọ ò dún. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lórí ìdènà.

"Ohunkóhun tó bá dí ìmọ́lẹ̀ lójú nínú yàrá yìí, kó ṣí kúrò. Kúnlé, bá wa sún kọ́bọ́ọ̀dù yẹn."

N kò gbọ́ àmín Daddy. Kúnlé tó ti dijú, tí Ẹ̀mí ti gbé, gbá kọ́bọ́ọ̀dù náà mú, ó sì fà á. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, ó gbẹ, kò sán rárá. Bùsọ́lá fi ẹ̀rọ kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rọ ò dún. Ṣùgbọ́n fífà tí Kúnlé fà á mú ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, mo sì rí ìró àti bùbá obìnrin nínú rẹ̀, wọ́n fi lailọ́ọ̀nù bo ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi gèlè kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Bàbá náà ní kí wọ́n gbé fóònù fún àwọn. Ojú wọn kún gbogbo fóònù mi.

"Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n Bùsọ́lá tó ń yẹ ilé wò l'Átílántà?"

"Èmi ni, sà."

"Kí ló wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ?"

Mo sọ fún wọn. Irọ́ ò sí lẹ́nu mi mọ́.

"Kò sẹ́ni tó bi mí nínú yín," wọ́n ní. "Ká ní ẹ ní ẹ fẹ́ inspector ni, èmi fúnra mi ni mo máa pè é. Ẹ ò bi mí. Ẹ wá forúkọ Ọlọ́run ti ẹrù ìyàwó mi."

Kúnlé ti dọ̀bálẹ̀ nílẹ̀ abẹ́ ilé. Èmi náà ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, mo kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà títì, fóònù lọ́wọ́. Àwọn obìnrin tó ń jáde látinú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe èékánná ń wò mí. Ojú tì mí dé egungun. Bàbá náà ní kí n dìde, kí n sọ ohun tí mo rí tí mo fi fura. Mo kà á fún wọn. Wọ́n ní ara ògiri yẹn ni ìyàwó àwọn ń dì mú lọ sí balùwẹ̀ nígbà àìsàn, ojú ọwọ́ rẹ̀ sì kún ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ò lè wò ó mọ́, ni àwọn fi kùn ún. Wọ́n ní kò sí ilé tí kò ní irú ẹ̀rọ yẹn ládùúgbò àwọn. Àwọn ò tíì lè ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà látìgbà tó ti kú, ọmọ àwọn obìnrin ni àwọn ń dúró dè. Wọ́n ní àwọn á ronú sí ọ̀rọ̀ ilé náà, wọ́n sì pa fóònù.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, a ò gbọ́ nǹkan kan. Kúnlé ò gbé fóònù mi. Bùsọ́lá ń gbé e, ṣùgbọ́n ẹkún ló máa ń sun, torí àwọn ọmọ ti pín yàrá ilé náà láàárín ara wọn. Mo ti ń rò ó pé ẹnu mi ló lé àbúrò mi kúrò nínú ilé tó dára.

Lọ́jọ́ kan, ìwé kan wọlé sórí fóònù mi. Daddy Fọláyan ló fi í ránṣẹ́. Wọ́n ti pe ayẹléwò ibẹ̀ fúnra wọn. Mo ka ìwé náà, mo sì jókòó. Omi ń wọ ilé náà lóòótọ́. Lábẹ́ àtẹ̀gùn ni, ní apá kejì pátápátá, níbi tí páìpù ọ̀ṣọ̀ọ̀rò ti já níta; tí yìnyín bá sì ti yọ́, ẹsẹ̀ ilé ni omi rẹ̀ ń lọ. Igi ibẹ̀ ti ń jẹrà. Bàbá náà ò mọ̀. Bùsọ́lá ti gbé fóònù kọjá níwájú àtẹ̀gùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin lójú mi, kọ́bọ́ọ̀dù ni mò ń wò.

Ohun tó dùn mí jù nínú iṣẹ́ tí mo ti ṣe láyé nìyẹn. Ilé ló yẹ kí n fura sí, èèyàn ni mo fura sí. Nígbà tí mo sì ti mú èèyàn tán, mi ò rí ilé mọ́.

Bàbá náà tún ibẹ̀ ṣe kí yìnyín míì tó bọ́, wọ́n sì ta ilé náà fún Kúnlé àti Bùsọ́lá. Kúnlé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fóònù mi. Lónìí, bí mo bá dé ilé àgbàlagbà tó ń ta ilé, màá kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí wọn, màá sì sọ ọ́ ní gbangba pé, "Ẹ má bínú, sà, mo máa fura sí ilé yín lónìí, kì í ṣe ẹ̀yin." Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á fajú ro, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló máa ń ṣílẹ̀kùn.

Lóṣù tó kọjá, mo wà lórí òrùlé kan ní Marietta nígbà tí Daddy Fọláyan pè mí. Wọ́n ti rí ilé kékeré kan tí àwọn fẹ́ rà nítòsí ọmọ wọn. Wọ́n ní ẹni tó ń tà á ń rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ, ara àwọn ò sì gbà á. Wọ́n fẹ́ kí n bá àwọn wò ó lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé.

Mo ní tayọ̀tayọ̀, sà.

"Ṣùgbọ́n o ò ní í gbàdúrà o," wọ́n ní. "Yẹ̀ ẹ́ wò ná. Tí mo bá ti rà á tán, a óò wá gbàdúrà."