Ta Ló Ń Pààrọ̀ Òwú?

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìwé Ńlá yìí, kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà o. Orí rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Ọdún méjìdínlógún ló ti ń gba aṣọ nílé ìfọṣọ Màdáámù, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ rí. Òwú ló ń lò. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ dé, á fi abẹ́rẹ́ ki òwú sínú ọrùn ẹ̀wù tàbí ìbàdí ṣòkòtò, á so kókó kékeré sí i: pupa ni ti tíṣà àgbà, àwọ̀ ewé ni ti aránṣọ àti ìyàwó rẹ̀, búlúù ni ti dẹ́rẹ́bà tí epo ọkọ̀ kì í kúrò lára rẹ̀. Kí igba aṣọ dà pọ̀ nínú omi, á yà wọ́n bí abiyamọ ṣe ń yọ ọmọ tirẹ̀ láàárín ọmọ ọlọ́mọ.

Àfi ìgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣe ségesège títí tó fi dá, ni ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í da iṣẹ́ rẹ̀ rú: òwú ẹnì kan á wà lára aṣọ ẹlòmíì. Bó ṣe rò ó nìyẹn. Àbí kí ni kó rò? Lóòótọ́, ooru máa ń ṣàdédé bú sí i lára bí ẹni tó gbá áyọ́ọ̀nù mọ́ra. Orí rẹ̀ á ṣú bíi kùrukùru òwúrọ̀, á dúró sáàárín yàrá, kò ní mọ ohun tó wá mú. Ó ti pe sítáàṣì ní "nǹkan funfun yẹn" rí. Ṣùgbọ́n òwú kẹ̀? Òwú tó lè dijú yà? Rárá o, ọwọ́ ẹnì kan wà níbẹ̀.

Ẹlẹ́rìn-ín ló fura sí, obìnrin tó ń lọ aṣọ, tí eyín rẹ̀ kì í wọlé. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló ń kọ ọ́ lóminú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ká a mọ́ ibi tó ti ń tú ìdì aṣọ tí òun ti dì tán.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan, Ẹ̀gbọ́n. Mo kàn ní kí n tún un tò ni."

"Ṣé ìdì tèmi wọ́ ni?"

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n mi." Ó tún rẹ́rìn-ín.

Yíyọ́ ẹkùn kì í ṣe tojo, ohun tí yóò jẹ ló ń wá. Ìwé Ńlá mọ̀ pé ipò òun ni ọmọ yìí ń wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, tíṣà àgbà já wọlé, ó na síkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dì mọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. "Ẹ gbà mí o! Ṣé èyí ni kí èmi ọkùnrin wọ̀ lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ?"

Àwọn tó ń fọṣọ rẹ́rìn-ín títí ọṣẹ fi ta sí wọn lójú. Màdáámù ò rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ṣe èyí, ilé rẹ̀ ló ń lọ. Ìwé Ńlá, wádìí ẹ̀ fún mi kíákíá."

Ohun tó ti ń retí nìyẹn. Ó gba síkẹ́ẹ̀tì, ó di ìdí tábìlì áyọ́ọ̀nù.

"Síkẹ́ẹ̀tì ìyàwó aránṣọ nìyí. Kí ni òwú pupa ń ṣe ní ìbàdí ẹ̀? Jẹ́wọ́ kí n tó pe Màdáámù."

Ẹlẹ́rìn-ín gbé áyọ́ọ̀nù nàró. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè wọ́n."

"Ẹ̀rù bà ọ́, àbí?"

"Nítorí yín ni ẹ̀rù ṣe ń bà mí. Ẹ wo kókó yẹn. Ọwọ́ òsì ló so ó. Nínú gbogbo wa níbí, ta ló ń fi òsì rán nǹkan?"

Ìwé Ńlá wo kókó náà. Ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni.

"Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń so tèmi?"

"Mo gbìyànjú ẹ̀, kò bọ́ sí i." Ó fa ṣẹ́ẹ̀tì dẹ́rẹ́bà yọ látinú ìdì. Òwú búlúù náà, ọ̀tún ni kókó ẹ̀ yí sí. "Èyí tí mo tún ṣe nìyí. Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn yín. Ti tíṣà yìí ló bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí nǹkan oṣù ìyá mi dá, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí tíì. Wọ́n ní àwa ọmọ la fẹ́ pa àwọn! Nígbà tó yá, ara wọn balẹ̀."

"Ta lo sọ fún?"

"Kò sí."

"Ọkọ ẹ ńkọ́?"

"Ìyẹn tí kì í fetí sílẹ̀!"

Ìwé Ńlá wá irọ́ lójú rẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Kò rí ọ̀kan.

"Ìwé Ńlá! Ṣé o ti rí ẹni náà?" Màdáámù ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ó kù díẹ̀ kó nàka. Ó wo Ẹlẹ́rìn-ín, ìyẹn ń ká ṣẹ́ẹ̀tì dẹ́rẹ́bà padà sínú ìdì.

"Mo ti rí i, Màdáámù. Èmi ni. Orí mi ló ń ṣú láti ìgbà tí nǹkan oṣù mi ti dá. Mo rò pé ẹlòmíì ló ń ṣe mí."

Màdáámù wò ó títí. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ọ̀rọ̀ náà ò ṣàjèjì sí i. "O ò bá ti sọ. Lọ bẹ tíṣà. Lọ́la, lọ rí nọ́ọ̀sì. Láti òní, aṣọ kan ò gbọdọ̀ jáde níbí láìjẹ́ pé ẹni méjì wò ó, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ìwé Ńlá ń pe àwọ̀ òwú, Ẹlẹ́rìn-ín ń fi pẹ́ńsù kọ ọ́. Kò pẹ́ tó fi na ọrùn wo ohun tí ìyẹn kọ.

"Kí lo kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Pupa, tíṣà àgbà."

"Kà á sókè kí n gbọ́."

Ẹlẹ́rìn-ín kà á.

"Tún un kà."