Àmì Ṣọ́ọ̀kì Lára Ampilifáyà

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní àwọn ọdún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pọ́n-ún sílẹ̀ bọ́ sí náírà, àbúrò bàbá mi kan tí à ń pè ní Bọ̀ọ̀dá wà ní agboolé wa, tí ó ní maìkì àti sípíkà tí wọ́n ń háyà fún ìnáwó. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ má rò pé ohun tó ṣeé kì bọ àpò ni o. Ampilifáyà Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ńlá, tó àpótí aṣọ. Ojú ihò maìkì mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, kókó méjì tí à ń yí sì wà lókè ihò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń mú kí ohùn nípọn, èkejì ń mú kí ó tínrín kí ó sì já gaara.

Bọ̀ọ̀dá fẹ́ràn ètò púpọ̀. Tí ó bá ti yí kókó maìkì kìíní títí tí ohùn fi dùn, á fi ṣọ́ọ̀kì funfun fa ìlà síbi tí ó dúró, á dà á kọ sára àwọn yòókù, á sì yí gbogbo wọn bá ìlà náà. "Bákan náà ni gbogbo wọn," á wí, á gbọn ọwọ́ nù.

Ọjọ́ wòlímọ̀ wa pé, tí àwa ọmọbìnrin mẹ́ta tí a parí Kùránì máa kà á níwájú àwọn òbí. Ojú ìyá bàbá mi ti fọ́ nígbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gba àtẹ̀gùn mọ́, nítorí náà wọ́n gbé àga rẹ̀ sí ojú fèrèsé òkè. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó di ọwọ́ mi mú. "Mi ò lè rí ọ. Ohùn rẹ ni mo máa fi mọ̀ ọ́. Má jẹ̀ẹ́ kí n máa bi ará ilé léèrè."

Ààfáà wa ló kọ́kọ́ dán maìkì wò. Ohùn rẹ̀ nípọn bíi fèrè ọkọ̀ ojú omi, nítorí náà Bọ̀ọ̀dá dín ohun tó nípọn kù gidigidi, ó sì fi kún ohun tó tínrín. Ó dùn. Ó fa ìlà, ó dà á kọ sára maìkì àwa ọmọ.

Ni ọmọ àkọ́kọ́ bá la ẹnu. Àfi bí ìgbà tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ ha ìdí ìkòkò! Àwọn ìyá di etí. Ìyá àgbà kígbe láti òkè: "Ta ló ń pọ́n àdá síbẹ̀ yẹn? Ṣé tèmi nìyẹn?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ti dé ojú mi. Mo lọ bá Bọ̀ọ̀dá.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ti Ààfáà lẹ fún wa."

"Wo ìlà yẹn dáadáa. Ṣé wọn ò dọ́gba ni?"

"Wọ́n dọ́gba, sà. Àwa àti Ààfáà la ò dọ́gba. Ìyá àgbà ò ní dá mi mọ̀."

Ààfáà bú sẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ló sọ. Àbí ẹ rí irùngbọ̀n lágbọ̀n rẹ̀?"

Bọ̀ọ̀dá padà sídìí ampilifáyà. Ó fi etí agbádá tuntun nu ìlà maìkì àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́, ó ní kí n ka gbólóhùn kan, ó tẹ́tí, ó yí kókó díẹ̀díẹ̀. Ó wá fi ṣọ́ọ̀kì búlúù fa ìlà tiwa, ó dà á kọ sára méjì yòókù. Funfun di ti Ààfáà, búlúù di ti àwa ọmọ.

Ọmọ àkọ́kọ́ tún tirẹ̀ kà, èkejì tẹ̀ lé e, ó wá kàn mí. Mi ò tíì ka ìlà kejì tán tí ọ̀pá ìtilẹ̀ Ìyá àgbà fi ń dún gbà-gbà-gbà lára fèrèsé òkè. "Tèmi nìyẹn! Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ n gbọ́ tèmi!"

Ayé ti yí padà. Ṣọ́ọ̀bù ti gba ààbọ̀ agboolé wa, èmi náà sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń ṣe irú iṣẹ́ Bọ̀ọ̀dá báyìí. Á ṣètò maìkì kan lójú gíláàsì ẹ̀rọ rẹ̀ tó dà bíi ti fóònù, á kó mẹ́wàá jọ, á fi ìka tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn ti gba ètò kan náà. Ó yá, kì í sì í ba aṣọ jẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ wòlímọ̀ ọmọ rẹ̀ ní agboolé wa, mo bi í pé ohùn ta ló gbọ́ kí ó tó tẹ̀ ẹ́.

"Màámi, bákan náà ni gbogbo wọn."

Mo ní kí ó ya ti àwọn ọmọdé sọ́tọ̀, kí ó sì gbọ́ wọn ná. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣe é. Èmi wá rọra gun àtẹ̀gùn lọ sí ojú fèrèsé òkè, mo di ojú mi méjèèjì, mo sì ń dúró de tèmi.