Owó Tó Gba Ọ̀nà Jíjìn

Aago ni ọkọ mi ń tún ṣe. Ẹni tó bá rí i níbi tó ti tẹ orí mọ́ aago á rò pé onísùúrù ni. Irọ́ ni, aago nìkan ló ń ní sùúrù fún. Ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ, wọn kò sì bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Obìnrin náà ní owó ọkọ mi kò ní wọ ọwọ́ òun láéláé.

Ìgbà tó yá, ojú ọmọ rẹ̀ fẹ́ iṣẹ́ abẹ. Ilé ìwòsàn ní kó sanwó kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ló bá tọrọ bítíkọ́ìnì, owó orí fóònù, lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó mọ̀, ó fo ọkọ mi. Oníbàárà wa kan ló fi iṣẹ́ tó rán náà hàn wá lórí fóònù.

Owó yìí, láti ọwọ́ dé ọwọ́ ló ń rìn. Ẹni méjì á la ọ̀nà lórí fóònù wọn, wọ́n á da owó sí i, tẹlòmíì á sì máa gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó wà láàárín kò mọ̀ ju ẹni tó gbé e fún un àti ẹni tó kàn; ẹni tó gbà á níkẹyìn náà kò mọ̀ ju ẹni tó gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà tààrà wà láàárín ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀, wọ́n là á nígbà tí ilé ṣì tòrò. Tí owó bá gba ibẹ̀, kíá ló máa dé, ṣùgbọ́n obìnrin náà á mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa ló ti wá, á sì dá a padà.

"Ẹ jẹ́ kó gba ọ̀nà jíjìn," ni mo wí.

Ọkọ mi fi owó náà ránṣẹ́, ó padà. Ó tún gba ibòmíì, ó padà. Tí owó tó wà lójú ọ̀nà kò bá tó tiwa, tiwa kò lè kọjá; kò sì sẹ́ni tó ń fi iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ han ará ọ̀nà, àfi kí owó há kéèyàn tó mọ ibi tó há sí. Oòrùn ń wọ̀. Ọkọ mi ti fẹ́ tẹ ọ̀nà tààrà náà.

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà," ni mo tún wí. "Ẹ gé e."

Ó gé owó náà sí wẹ́wẹ́, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀. Ibi tí odidi ti há, wẹ́wẹ́ kọjá. Ó dé pérépéré. Inú mi dùn débi pé mo jókòó sórí irinṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, àbúrò rẹ̀ pè é.

"Bọ̀dá mi, wọ́n ti ṣe ojú ọmọ, ó ti ń ríran. Ẹnì kan ló sanwó, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ti pe gbogbo èèyàn mi kí n dúpẹ́, kálukú ní òun kọ́. Ẹ̀yin nìkan ló kù."

"Èmi kọ́," ni ọkọ mi wí.

"Ó dáa, sà. Tí ẹ bá rí ẹni náà, ẹ ní èmi àtọmọ ń bọ̀ wá kí i nílé lọ́la."

Ẹni tí kò sanwó kankan bá dìde, ó ń kó irin aago kúrò lórí àga àlejò.