Orúkọ Tí Mi Ò Pààrọ̀

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé báàgì inṣọ́ránsì jáde ní Ìfọ̀, àgbàlagbà kan tó ń ta pákó lé mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ìwọ ọmọkùnrin yìí, ṣé ikú mi lo wá ń ná lọ́wọ́ mi láàárọ̀ kùtùkùtù?"

"Ẹ má bínú, Bàbá."

Kí n tó fẹ̀yìn tì, mo ti sọ "ẹ má bínú" títí ó fi sú mi. Ohun tó jẹ́ pé ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ kú kí wọ́n tó sanwó rẹ̀, ẹ lọ tà á fún àwọn tí kì í fẹ́ gbọ́ ikú sétí, kẹ́ ẹ wò ó.

Ẹni tí mi ò lè gbàgbé ni Sàlámì, wẹ́dà ní Ìbafò, ọmọ Ìṣẹ́yìn. Òun kò lé mi. Nígbà tá a dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ ẹni tí wọ́n máa sanwó fún tó bá kú, mo ní ṣé ká kọ ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ṣadé. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bùọ̀dá, ìyàwó lè kó ẹrù ẹ̀ lọ. Ìyá mi ò níbi tó ń lọ. Òun ni kẹ́ ẹ kọ."

Mo kọ ọ́. Kò pé ọdún méjì, ìyá náà kú. Mo bá wọn lọ sìnkú rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń pààrọ̀ orúkọ wà nínú báàgì mi. Ṣùgbọ́n Sàlámì ń sunkún, wọ́n sì ti gbé oúnjẹ síwájú mi. Ta ló máa wojú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀, táá ní, "Ó wá ku ẹ̀yin, ta la máa sanwó tiyín fún?" Ojú tì mí. Mo jẹun, mo padà sílé mi ní Mowé. Mo ní tó bá di ogójì ọjọ́. Ogójì ọjọ́ kọjá, mo tún ní tó bá di ìparí oṣù. Kí oṣù tó parí, mọ́tò gbá Sàlámì lójú títì márosẹ̀, ó sì kú.

Tí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé bá ti ṣáájú kú, owó náà kì í sọnù, àmọ́ kì í lọ tààrà sọ́wọ́ ìyàwó. Ó di ara ogún òkú. Ilé ẹjọ́ ní Abẹ́òkúta gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fúnni níwèé àṣẹ láti gba ogún náà. Torí pé ọmọ Sàlámì méjèèjì ṣì kéré, èèyàn méjì ló máa fọwọ́ sí i: Ìyá Ṣadé, àti ẹni tí ẹbí bá yàn. Ẹbí yan ẹ̀gbọ́n Sàlámì.

Èmi ni mo ń mú obìnrin náà lọ síbẹ̀. Wọ́n á ní ká lọ mú ìwé ẹ̀rí ikú wá. Tá a bá mú un dé, wọ́n á ní ẹni tó ń tọ́jú fáìlì ti lọ ìsinmi. Ó rẹ̀ mí débi pé mo máa ń sùn lórí bẹ́ǹṣì wọn. Obìnrin náà kì í sùn. Láti ìgbà náà títí mo fi fẹ̀yìn tì ni mo ń mú fọ́ọ̀mù jáde níbi òkú, wọ́n sì lé mi níbi mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n máa lé mi.

Ọjọ́ tí gbogbo ìwé pé, ẹ̀gbọ́n náà mú bírò lọ́wọ́, kò kọ nǹkan kan.

"Ìyàwó wa, màá fọwọ́ sí i. Àmọ́ àwọn ọmọ ń bá mi lọ sí Ìṣẹ́yìn. Ilé bàbá wọn nìyẹn."

Ìyá Ṣadé kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Torí ilé ìwé wọn ni mo ṣe ń sáré owó yìí. Ẹ má gbà wọ́n lọ́wọ́ mi."

"Mo ti sọ tèmi."

Obìnrin náà yíjú sí mi. "Bàbá Inṣọ́ránsì, tí mi ò bá gbà ńkọ́?"

"Owó náà á ṣì wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì. Bí ẹ̀yin méjèèjì ò bá fọwọ́ sí i, wọn ò ní fún ẹnikẹ́ni."

Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Mo sìn ín délé. Lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ló ti ní, "Ẹ ṣeun, ẹ gbìyànjú." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọn ò tíì san owó náà. Ọ̀dọ̀ ìyá wọn làwọn ọmọ dàgbà sí. Ìwé mẹ́fà ni Ṣadé kà mọ. Tó bá rí mi lọ́nà, á kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó sì máa ń ṣe mí bíi pé kó má kí mi.