Ẹnì Kan Ṣoṣo Tí N Kò Kọ Sínú Àtẹ

Òórùn ẹja yíyan kì í bọ̀rọ̀ kúrò lára aṣọ. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ̀wé kà. Síbẹ̀, nígbà tí mò ń ṣe akọ̀wé ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Kùtọnu, èmi náà a máa yínmú sí i bí ọmọ olówó.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, ọgbọ́n sì ń gùn mí. Ọ̀gá wa obìnrin ní kí n wádìí irú ọmọ tí kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Mo fa àtẹ kan: orúkọ àwọn ọmọ wà lápá kan, ohun tí a mọ̀ nípa wọn wà lókè, mo sì ń fi àmì sí ohun tó bá bá ọmọ kọ̀ọ̀kan mu. Bí gbogbo ẹni tó ní àmì kan bá ti ní èkejì pẹ̀lú, òfin dé nìyẹn. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá yàtọ̀ ti tó láti ba òfin náà jẹ́. Mo wá rí i pé gbogbo ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń yan ẹja ní Sẹ̀mẹ̀ ló fi wá sílẹ̀ kí ọdún tó parí. Wọ́n yìn mí, wọ́n sì gbà á bí òfin pé ọmọ ẹlẹ́ja kì í kàwé yanjú. N kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn olùkọ́ ń lé wọn lọ jókòó sídìí fèrèsé, tí àwọn ẹgbẹ́ wọn sì ń tutọ́ bí wọ́n bá kọjá. Bẹ́ẹ̀, ojú mi ló ṣe.

Lọ́dún kejì, obìnrin kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá láti Sẹ̀mẹ̀. Ọmọ náà ka ìwé Faransé tí a gbé fún un láìkọsẹ̀. Ọ̀gá yíjú sí mi, ó bi mí bóyá mo mọ ọmọ ẹlẹ́ja kan tó kàwé yanjú.

“Mìsíyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí dáadáa,” ni ìyá ọmọ náà wí. “Ẹ ò mọ ẹyọ kan?”

“N kò mọ ẹyọ kan.”

Sẹ̀mẹ̀ yẹn náà ni ìyá mi ti yan ẹja títí èéfín fi ba ojú rẹ̀ jẹ́, kí n lè lọ ilé ẹ̀kọ́. Èmi gan-an ni ẹni tí ìbá ba òfin náà jẹ́, ojú sì tì mí. Ọ̀gá kò gba ọmọ náà. Nígbà tí òun àti ìyá rẹ̀ jáde tán, ọ̀gá ní kí n ṣí fèrèsé kí òórùn ẹja lè jáde. Mo ṣí i.

Ìyá mi a máa sọ pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Èmi kò gbẹ o. Mo níṣẹ́, mo kọ́lé sí àdúgbò Fijrọsẹ̀ ní Kùtọnu. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí fèrèsé yẹn, ara mi a máa rí mi lára. Mo ń gbọ́ òórùn kan títí di òní, kì í sì í ṣe ti ẹja.